Bí Àwọn Ọmọ Wa Yóò Ṣe Máa Kó Ọ̀rọ̀ Ìtàn Jọ fún Ìdánwò

Púpọ̀ nínú owó tí à ń yá nínú ẹgbẹ́ yìí, owó iléèwé àti owó ìdánwò ni. Ó máa ń dùn wá bí òbí bá ṣì ń san gbèsè náà lọ́wọ́, tí ìròyìn sì dé pé ọmọ fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ ìtàn.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà ya ọ̀lẹ. Nígbà tí a wo ìwé wọn, a rí i pé wọ́n kó ọ̀rọ̀ bí ọgọ́rùn-ún jọ, wọ́n sì há wọn sórí bí ayékòótọ́. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, “Kírìjí: ogun ilẹ̀ Yorùbá.” Kò parọ́, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ wo ìwé ìfowópamọ́ yín. Bí a bá kọ “owó” síbẹ̀, tí a ò kọ ọjọ́, tí a ò kọ iye, ṣé ẹ ó gbà? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìtàn rí. Kí ọmọ dáhùn ìbéèrè márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, báyìí:

Kí ni Kírìjí? Ogun láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀.
Nígbà wo? Ìwé púpọ̀ kọ ọ́ sí 1877 sí 1893. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká.
Àwọn ta ni? Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé ti Iléṣà.
Kí ló fà á? Ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn.
Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bọ́ lábẹ́ Ìbàdàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ráyè wọ ilẹ̀ wa.

Ẹ rí i pé “ajẹ́lẹ̀” àti “Èkìtìparapọ̀” ti jáde níbẹ̀. Ojú ewé kan náà ni kí wọ́n wà, nítorí ọ̀kan ló ń fa èkejì. Ibi tí ọmọ yóò ti ṣa ọ̀rọ̀ ni àkọlé inú ìwé rẹ̀, ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó, àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Ogún ọ̀rọ̀ tó yé e sàn ju ọgọ́rùn-ún tó há sórí lọ.

Ẹni tí kò mọ̀wé nínú wa pàápàá lè ṣèrànwọ́. Ẹ ní kí ọmọ pa ìwé dé, kó sọ ọ́ fún yín bí ẹni ń pàlọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ibẹ̀ ni kò tíì yé e. Kó padà lọ kà á. Ẹ tún bi í lọ́jọ́ kẹta, kí ẹ tún bi í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Ẹ jẹ́ kí àwọn tiwa bá ìtàn, kí owó tí a yá má baà wọmi. Wọn á yege o. Àṣẹ.