Ìṣirò Inú Ẹ̀jẹ̀: Ìdí Tí Ìgò Omi Fi Gbọ́dọ̀ Wà Lórí Tábìlì Ọmọ Yín

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ó ṣòro láti rí agbo ilé Yorùbá kan tí kò mọ ẹnìkan tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra. A mọ orúkọ àrùn náà, a mọ SS àti AS, a sì mọ ìkìlọ̀ tí àwọn dókítà máa ń ṣe: kí ọmọ máa mu omi dáadáa, kí òtútù má mú un, kí a má fi ibà ṣeré. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí a kò mọ ìdí rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó di àsọtúnsọ lásán. Ọ̀pọ̀ olùkọ́, àti àwọn òbí mìíràn pàápàá, ni ó rò pé ọ̀rọ̀ omi yìí kò ju ìmọ̀ràn ìyá àgbà lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìṣirò, ìṣirò náà sì ya ni lẹ́nu débi pé ó yẹ kí gbogbo ìyá àti bàbá ọmọ SS mọ̀ ọ́n.

Èmi kì í ṣe dókítà. Sóṣà wọ́kà ni mí, iṣẹ́ mi ni ó sì ń gbé mi lọ sí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn láti jókòó ti àwọn òbí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn. Ohun tí mo ti rí ni pé òbí tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ kì í bẹ̀bẹ̀. Ṣe ni ó máa ń ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìpìlẹ̀. Ní 1864, ní orílẹ̀-èdè Norway, àwọn ọkùnrin méjì kan gbé òfin kan kalẹ̀: Cato Guldberg, onímọ̀ ìṣirò, àti Peter Waage, onímọ̀ kẹ́mísírì. Àna ara wọn ni wọ́n. Wọ́n ní bí èròjà méjì bá fẹ́ para pọ̀ di ẹ̀kẹta, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pàdé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó lójú kan náà ni iṣẹ́ náà yóò ṣe yá tó. Ọjà ni kí ẹ fi wò ó. Bí àwọn tí ń rà bá di ìlọ́po méjì, tí àwọn tí ń tà náà sì di ìlọ́po méjì, tí ọjà kò fẹ̀ sí i, ìpàdé tí yóò wáyé láàárín wọn yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí ọjà tó wọ̀, ẹni tí ń rà, ẹni tí ń tà, àti alárinà, yóò di ìlọ́po mẹ́jọ.

Lára òfin yìí ni odindi ẹ̀ka ìmọ̀ kan ti hù jáde. Àwọn onímọ̀ ìṣirò a máa ya àwòrán bí èròjà kan ṣe ń di òmíràn nínú ara, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ya àwòrán ojú ọ̀nà ìlú. Ní 1972, Fritz Horn, Roy Jackson àti Martin Feinberg fi hàn pé àwọn àwòrán kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá ti wò wọ́n lásán, a lè mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ yóò fìdí múlẹ̀ sójú kan, láìtíì mọ bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe yá tó. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì. Èyí tí ó kàn wá ni ẹ̀jẹ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan ṣoṣo, hẹmoglóbìn tí ó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní California ní 1949 pé hẹmoglóbìn ẹni tí ó ní àrùn yìí yàtọ̀. Ní 1957, Vernon Ingram ní Cambridge rí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà gan-an, ẹyọ èròjà kan ṣoṣo ni ó yí padà. Ẹyọ kan yìí ni ó mú kí hẹmoglóbìn S máa lẹ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀. Wọn a so di okùn gígùn, ìrán 14 tí a lọ́ pọ̀. Okùn yìí a máa na sẹ́ẹ̀lì títí yóò fi le, tí yóò fi tẹ̀ bí dòjé, tí kò fi ní lè gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kọjá mọ́. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa ọmọ SS ni ó ní hẹmoglóbìn S nínú, gbogbo wọn ni ó sì ń já ọ́síjìn sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kí ló wá dé tí ọmọ náà kì í wà nínú ìrora lójoojúmọ́ ayé rẹ̀? Kí ló dé tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Sátidé, tí ó sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Mọ́ńdè? Àwọn baba wa ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Ẹni tí ó ń fi òní kú, tí ó ń fi ọ̀la dìde, ni wọ́n pè é.

James Hofrichter, Philip Ross àti William Eaton, ní ibùdó ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda, ni ó rí ọ̀nà àbáyọ ní 1974. Wọ́n mú omi hẹmoglóbìn S tí wọ́n ti gba ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì mú un tutù. Nínú òtútù, ó ń ṣàn. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé bí ẹ̀kọ bá gbóná ni ó ń ṣàn, bí ó bá tutù ni ó ń dì. Hẹmoglóbìn S ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Wọ́n wá mú un gbóná dé ibi tí ara ènìyàn ń gbóná dé. Kò dì lójú ẹsẹ̀. Ó dúró ná, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, lójijì, gbogbo rẹ̀ dì pọ̀.

Àkókò ìdúró yìí ni wọ́n wọ̀n. Wọ́n rí i pé bí hẹmoglóbìn náà bá ṣe ki sí i ni ìdúró náà ń kúrú sí i, àmọ́ kì í ṣe ní ìwọ̀n ìlọ́po mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ti ọjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó ki sí i pẹ̀lú ìdá 10 nínú 100. Ẹ mú 1.1, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀ 30, kí ẹ sì sọ gbogbo wọn di púpọ̀ lára wọn. Ẹ̀rọ ìṣirò ọmọ yín yóò sọ fún yín pé ó lé ní 17. Ìyẹn ni pé bí ìdúró náà bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 17 tẹ́lẹ̀, yóò di ẹyọ kan. Ìdá 5 péré nínú 100 pàápàá yóò mú un yá ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ki gan-an, iye náà kì í tó 30 mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ̀ ju ohun tí a sábà máa ń rí nínú kẹ́mísírì lọ.

Kí ni ó fa irú èyí? Ẹ wo bí a ti ń dá èsúsú sílẹ̀. Ẹni méjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú ká. Ẹni mẹ́ta tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan sá lọ, ó fọ́. Ṣùgbọ́n bí iye ènìyàn bá pé dé ibì kan, tí ẹgbẹ́ náà bá dúró, kò sí ẹni tí a ó bẹ̀ mọ́ kí ó tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni hẹmoglóbìn S. Díẹ̀ a so mọ́ra, a tún tú. A so, a tú. Títí ọ̀kan yóò fi tóbi tó láti dúró, ìyókù a sì máa rọ́ wá. Ní 1985, Frank Ferrone, Hofrichter àti Eaton fi kún un pé lára okùn àkọ́kọ́ ni okùn tuntun tún ti ń yọ, bí ẹ̀ka tí ń yọ lára igi. Ìdí nìyí tí ìdúró fi ń gùn, tí dídì sì ń dé lójijì.

Ó wá ku ti ẹ̀jẹ̀ tí ń sáré. Sẹ́ẹ̀lì kan a máa gba inú òpó tín-ín-rín kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi padà dé ẹ̀dọ̀fóró láti gba ọ́síjìn tuntun, èyí tí yóò tú okùn náà. Eré ìje ni: ṣé dídì ni yóò kọ́kọ́ dé ni, àbí ilé? Ní 1987, Andrea Mozzarelli, Hofrichter àti Eaton fi hàn pé bí kì í bá ṣe ti àkókò ìdúró yìí ni, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn náà ni ì bá máa tẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ohun tí ó ń gba ọmọ wa là láti wákàtí dé wákàtí ni ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Bí a bá ti mọ èyí, àwọn ìkìlọ̀ dókítà yóò yé wa. Bí omi ara bá gbẹ, sẹ́ẹ̀lì yóò ki, ìdúró yóò kúrú. Ti ibà: ooru ń mú kí ó tètè dì, òógùn ń gbé omi lọ, àìsàn tí ó fa ibà náà sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀. Ti òtútù ni ó rúni lójú, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òtútù kì í jẹ́ kí ó dì. Òtítọ́ ni, nínú ìgò. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù oṣù January bá mú ọmọ ní pápá ìṣeré, inú ara rẹ̀ kò tutù. Òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó fún pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa wọ́ lọ, sẹ́ẹ̀lì a sì pẹ́ lójú ọ̀nà ju bí ó ti yẹ lọ. Ìdúró kò yí padà, ìrìn àjò ni ó gùn.

Ìṣirò yìí kan náà sì ni ìrètí wà nínú rẹ̀. Bí hẹmoglóbìn S bá fi ìdá 10 nínú 100 dín kù, ìdúró yóò gùn ju ìlọ́po 20 lọ. Ní 1948 ni Janet Watson ní New York ti ṣàkíyèsí pé àrùn náà kì í tètè hàn lára ọmọ ọwọ́, nítorí hẹmoglóbìn F tí a fi ń bí ọmọ ṣì wà lára rẹ̀. Hẹmoglóbìn F kì í bá wọn wọ inú okùn. Oògùn hydroxyurea ń mú kí ara tún máa ṣe F yìí. Ìwádìí ńlá tí a gbé jáde ní 1995 fi hàn pé ó dín ìgbà tí ìrora ń dé kù ní bí ìdajì lára àgbàlagbà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà ní 1998, àti fún ọmọdé ní 2017. Mo mọ àwọn òbí tí ẹ̀rù oògùn yìí ń bà, ẹ̀rù wọn kò sì burú, nítorí a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò déédéé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ àlàyé tán kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Ìtọ́jú tí ń tún àbùdá ṣe, tí Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023 fún ẹni tí ó ti pé ọdún 12, F kan náà ni ó ń wá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìṣirò parí gbogbo ọ̀rọ̀. Oògùn voxelotor, tí a ṣe láti mú kí hẹmoglóbìn di ọ́síjìn mú pẹ́ sí i kí ó má baà tètè dì, gba ìwé àṣẹ ní 2019. Ní 2024, Pfizer kó o kúrò lọ́jà ní gbogbo ayé, nítorí ewu rẹ̀ ti pọ̀ ju àǹfààní lọ. Omi pàápàá kì í ṣe oògùn. Bí ọmọ bá mu kẹ́ẹ̀gì omi kan, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ní tìtorí ìyẹn wú. Yóò tọ̀ ọ́ dànù. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbìyànjú ní 1980 láti dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù kí omi lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà léwu, kò sì di ìtọ́jú gbogbogbòò. Iṣẹ́ ìgò omi kò ju pé kí ara má gbẹ lọ.

Fún ọmọ SS, ara kì í sì í pẹ́ gbẹ. Inú kíndìnrín lọ́hùn-ún, ibi tí iyọ̀ ti pọ̀ tí ọ́síjìn kò sì tó, a máa fa omi kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni ìṣirò 30 ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ láti kékeré. Irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀ kì í lè dá omi dúró mọ́. Ọmọ náà yóò máa tọ̀ púpọ̀, àní bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Ọmọ tí olùkọ́ ní kí ó dúró di àkókò ìsinmi kí ó tó mu omi tàbí kí ó tó lọ tọ̀, kò ní yàn ju ọ̀nà kan lọ: kò ní mu omi mọ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwé kan tí mo dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó ń fi ilé ìtọ̀ ṣe àwáwí. Bàbá rẹ̀ wò mí, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ máa kọ́ tíṣà ní ìṣirò ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ó mú ẹ̀rọ ìṣirò dání, ó sì tẹ 1.1 lójú olùkọ́ náà títí ó fi dé 17.

Ní England, abala 100 nínú òfin ọmọ àti ẹbí ti 2014 sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé ìwé ìjọba láti ran ọmọ tí ó ní àìsàn lọ́wọ́. Ìlànà tí ìjọba tẹ̀ jáde ní 2015 sì sọ kedere pé kò tọ́ láti dí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ omi mímu tàbí ilé ìtọ̀ nígbàkígbà tí àìsàn rẹ̀ bá béèrè fún un. Ní Amẹ́ríkà, abala 504 nínú òfin 1973 ni kí ẹ dárúkọ. Ẹ béèrè fún ìwé ètò ìlera tí ó jẹ́ ti ọmọ yín nìkan, kí ẹ sì rí i pé nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀: ìgò omi lórí tábìlì, kì í ṣe nínú àpò, àyè láti lọ sí ilé ìtọ̀ láìnawọ́, kóòtù àti ìbọ̀wọ́ ní pápá, àti nọ́ńbà tí wọn yóò pè lójú ẹsẹ̀ bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38. Kí olórí ilé ìwé fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé.