Egbò tí kì í dunni ní Pobè, àti ìmọ́lẹ̀ lésà

Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ni í tètè wá dókítà. Ní agbègbè Pobè àti Sakété, ní Benin, àrùn kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dunni títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Egbò Búrúlì ni wọ́n ń pè é, láti orúkọ agbègbè kan ní Uganda. Kókó kékeré lábẹ́ awọ ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, lápá tàbí lẹ́sẹ̀. Ọmọ tó ní in á máa sáré kiri, àwọn ará ilé á sì ní eéwo lásán ni. Nígbà tí awọ bá fi máa là, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ti kú kọjá ojú egbò tí a ń rí, débi pé etí egbò náà á ṣófo lábẹ́.

Mycobacterium ulcerans, ìbátan kòkòrò ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ló ń fà á. Oró rẹ̀, mycolactone, ló ń pa ẹran ara. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Cell pé nínú eku, oró kan náà ń pa iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ lẹ́nu mọ́. Olè tó kọ́kọ́ fún ajá ní oúnjẹ ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣọ́ra bí mo bá gbọ́ ìpolówó ẹ̀rọ lésà tó ń lé ìrora lọ, tó sì ń jẹ́ kí egbò jinná. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní 1967, dókítà Endre Mester ní Húngárì tan lésà tí kò lágbára sí ara eku tí wọ́n ti fá irun rẹ̀, ó sì rí i pé irun yára hù padà níbẹ̀. Lónìí, wọ́n ń fi irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ dènà egbò ẹnu fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹ̀rí rẹ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò ní Bràsíl lára egbò àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ti bá jà, nínú ìwádìí tó jáde ní 2010, kò fi nǹkan kan kún ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ooru, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀, ló kan kòkòrò Búrúlì gan-an. Ní ìwọ̀n 30 sí 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń gbèrú. Bí ara bá gbóná tó 40, kòkòrò náà kò lè gbèrú mọ́. Thomas Junghanss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di àpò tó ń gbóná mọ́ egbò aláìsàn ní Kamẹrúùnù, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé àpò gbígbóná kiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan?

Oògùn ló borí. Ilé-ìwòsàn Follereau ní Pobè, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹ̀tẹ̀ àti egbò Búrúlì, wà lára àwọn tó fi èyí hàn. Ìròyìn wọn ní 2007 sọ pé nínú aláìsàn 224 tó lo rifampicin àti abẹ́rẹ́ streptomycin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 215 ló gbádùn, 102 nínú wọn láìfi ọ̀bẹ kàn wọ́n rárá. Kí èyí tó dé, iṣẹ́ abẹ ni olórí ìtọ́jú. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ náà kì í sì í ṣe eré, ó lè ba etí jẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Gánà àti Benin, tó jáde ní 2020, fi hàn pé clarithromycin, tí a ń gbé mì, lè rọ́pò rẹ̀.

Bí kòkòrò bá kú tán, egbò ṣì wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí ó bá wà lórúnkún tí ọmọ kò sì na ẹsẹ̀, àpá á fà á ká mọ́ ọn lára. Nínà yẹn gan-an ló ń dunni, àwọn ọmọ sì máa ń sunkún. Bí lésà bá máa ríṣẹ́ ṣe ní Pobè, ibẹ̀ ni, lẹ́yìn oògùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e ka kókó tí kò dunni ti fún àrùn náà láyè.