Afẹ́fẹ́ Tó Há Sínú Balùwẹ̀ Lọ́kọ́ja

Ẹni tó bá ti gbé Lọ́kọ́ja rí kò ní bèèrè ohun tó ń jẹ́ ooru. Òkè Pátì dúró bí ògiri lẹ́yìn ìlú, Odò Ọya wà níwájú, odò Bẹ́núè sì wá dà pọ̀ mọ́ ọn nítòsí ibẹ̀. Àárín òkè àti omi ni ilé há sí. Ní oṣù March, omi inú táǹkì á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní April, ooru kì í lọ, ọ̀rinrin ló máa ń wá bá a. Inú balùwẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti máa ń pàdé: táwẹ́ẹ̀lì tí kì í gbẹ, ilẹ̀kùn pákó tó wú tí kò ṣeé tì mọ́, igun sílín tó ń dúdú, òórùn tí ọṣẹ àti Izal kò lè lé.

Ìyà yìí kò jẹ àwọn bàbá wa. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìwẹ̀ tiwọn wà, ògiri tàbí imọ̀ ọ̀pẹ yí i ká, ojú ọ̀run sì ni òrùlé rẹ̀. Ooru omi kì í rí ibi dúró sí. Àwọn òyìnbó tó fi Lọ́kọ́ja ṣe ibùjókòó nígbà tí ìjọba Àríwá Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 1900 náà mọ̀ pé ìlú yìí kò gba ilé tó dé pa. Wọ́n a máa gbé ilé pákó lé orí òpó, fàráńdà gbòòrò á sì yí i ká, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ àti inú rẹ̀ kọjá. Àwa la wá gbé balùwẹ̀ wọ àárín ilé. A lẹ táìsì mọ́ ògiri, a fi PVC dé sílín, fèrèsé tí a sì fi sí i kò ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé lọ. Nígbà míì, fẹ́ǹsì aládùúgbò ni fèrèsé ọ̀hún kọjú sí. Ọ̀nà tí a dí yìí ni à ń fi fáànù kékeré tí àwọn oníná ń pè ní extractor là padà.

Ohun tí fáànù yìí ń ṣe kò ṣòroó yé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gbé omi ju afẹ́fẹ́ tútù lọ. Bí èèyàn bá wẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ inú balùwẹ̀ á ti mu omi yó. Bó bá wá kan táìsì tàbí dígí tó tutù jù ú lọ, omi inú rẹ̀ á yọ síta, gẹ́gẹ́ bí ìgò mínírà tí a gbé jáde nínú fíríìjì ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì. Òógùn ògiri yìí ló ń mú kí ọ̀dà bó, òun náà ló ń mú kí sílín bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Fáànù kò lè gbẹ ògiri náà fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti yó ló ń gbá jáde, kí èyí tí kò tíì yó lè wọlé wá gba ipò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n á ronú ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde, wọn kò ní ronú ibi tí yóò gbà wọlé. Bí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bá há mọ́ ilẹ̀ pátápátá, tí fèrèsé sì wà ní títì, fáànù á kàn máa pariwo lásán ni, kò ní rí afẹ́fẹ́ fà. Ìtọ́sọ́nà òfin ilé kíkọ́ ní England sọ pé kí àlàfo tó tó 10 mm wà lábẹ́ ilẹ̀kùn tó fẹ̀ tó 760 mm. Ìbú ìka kékeré kan nìyẹn. Kí káfíńtà fi ayùn gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn díẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì lè ṣe fáànù láǹfààní ju kí ẹ lọ ra èyí tó tóbi sí i.

Ẹnìkan á ní, “Nínú òjò, ṣebí afẹ́fẹ́ ìta náà tutù, kí ni a fẹ́ fi rọ́pò kí ni?” Ìbéèrè gidi ni. Fáànù kò lè mú kí balùwẹ̀ gbẹ ju ìta lọ láéláé. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ balùwẹ̀ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ jáde níbẹ̀ yó fún omi ju ti ìta lọ dáadáa, kódà ní oṣù September. Ohun tí òjò ń bèèrè lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ jẹ́ kí fáànù náà pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ará Gánájà, Àdánkòlò, Kábáwá àti gbogbo ibi tí omi odò ti wọlé ní 2012 àti 2022. Kì í ṣe gbogbo ògiri tútù ni fáànù lè ràn lọ́wọ́. Ẹ wo ibi tí ọ̀rinrin ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ láti òkè ni, ní igun sílín, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tàbí lára dígí, ooru ìwẹ̀ ló fà á, fáànù á ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ láti ìsàlẹ̀ ògiri ni omi ń fà gòkè, tí ẹ sì rí ohun funfun bí iyọ̀ níbi tí ó gùn dé, tí pílásítà sì ń ya dànù, inú ilẹ̀ ni omi yẹn ti wá. Birikilà ló ń ṣe irú èyí, kì í ṣe oníná. Ẹ má fi owó fáànù ṣòfò lé e lórí.

Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ooru ìwẹ̀ ni, ó kù kí ẹ mọ bí fáànù náà yóò ṣe lágbára tó. Ẹ wọn gígùn balùwẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ ní mítà, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lára wọn. Balùwẹ̀ tó gùn ní mítà 2.4, tó fẹ̀ ní 1.5, tó ga ní 3, yóò fún yín ní 10.8. Ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́jọ, nítorí a fẹ́ kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pààrọ̀ nígbà mẹ́jọ láàárín wákàtí kan. Iye tó jáde jẹ́ 86 àti díẹ̀. Nọ́mbà yìí ni ẹ ó fi wé èyí tí wọ́n kọ sára páálí fáànù, níbi tí m³/h bá wà. Bí ẹ bá rí CFM dípò rẹ̀, òṣùwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà ni: CFM 50, tí wọ́n kà sí èyí tó kéré jù fún balùwẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, jẹ́ nǹkan bíi 85 m³/h. Fáànù ínǹṣì mẹ́rin sábà máa ń tó fún irú balùwẹ̀ yìí. Bí páìpù tí yóò gbà jáde bá gùn tàbí tó ní ìgbọ̀nwọ́ púpọ̀, ẹ ra oní-ínǹṣì mẹ́fà, nítorí ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ nínú agbára rẹ̀.

Ooru a máa gòkè, nítorí náà òkè ògiri, lẹ́bàá sílín, ni fáànù ń wà, kó sì jìnnà sí ilẹ̀kùn bó ti lè jìnnà tó. Bí wọ́n bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ tútù tó wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn ni yóò tún fà jáde, ooru tó wà níbi ṣáwà á jókòó síbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ihò náà fúnra rẹ̀. Ògiri ìta ló dára jù. Kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ fi dírìlì gígùn lu ihò kékeré kan já síta, kó lè mọ̀ bóyá igi òrùlé tàbí wáyà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó fa ìlà róbótó yí i ká, kó lu ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tẹ̀lé ìlà náà, kó tó máa fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi òòlù ńlá bẹ̀rẹ̀ á fọ́ táìsì mẹ́ta mọ́ ọn. Búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú. Bí páìpù kò bá gba inú búlọ́ọ̀kù náà já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú ihò búlọ́ọ̀kù ni ooru omi á máa wọ̀, ògiri á sì máa tutù láti inú wá. Ẹ fi PVC tí à ń lò fún omi ìdọ̀tí, tí ìbú rẹ̀ bá ti fáànù yín mu, gbà á já, kí ẹ lo símẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí páìpù náà sì rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ìta. Ooru tó bá di omi nínú rẹ̀ á ṣàn síta, kò ní padà wá kán sórí mọ́tò fáànù.

Ohun tó burú jù lọ tí mo ti rí àwọn oníṣẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n fi fáànù sí sílín, kí wọ́n má fi páìpù gbé e jáde. Balùwẹ̀ á dára lójú fún oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo omi tí ilé ń wẹ̀, orí pákó òrùlé ló ń lọ. Nígbà tí onílé bá máa mọ̀, pákó á ti rà. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fà gbọ́dọ̀ dé ìta gbangba.

Ní ẹnu páìpù lóde, ẹ fi ìbòrí aláwẹ́ sí i, irú èyí tí atẹ́gùn fáànù ń ṣí, tí yóò sì pa dé bí fáànù bá kú. Aláǹgbá kò ní wọlé, ẹ̀fọn kò ní rọ́nà. Ìhà ìlà-oòrùn ni ìjì òjò wa sábà máa ń gbà wá, nítorí náà bí ẹ bá ní ògiri ìta méjì, ẹ má kọjú ẹnu páìpù síbẹ̀. Àwọn tó ń gbé létí òkun, ní Lẹ́kí tàbí Àgbádárìgì, ní ìyọnu mìíràn: iyọ̀ inú atẹ́gùn a máa jẹ síkúrúù àti irin, wọn kò gbọ́dọ̀ ra ohun tí kì í ṣe ike tàbí irin tí kì í dípẹtà. Iyọ̀ kò sí ní Lọ́kọ́ja. Eruku ọyẹ́ ló wà níbẹ̀.

Iná ni mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù gbọ́. Kí oníná tó mọ iṣẹ́ ló so ó. Kí fáànù náà ní àmì IPX4 bó bá súnmọ́ ṣáwà, èyí tó túmọ̀ sí pé omi tó bá ta sí i láti ìhà èyíkéyìí kò ní bà á jẹ́. Wáyà 1.5 mm² tó o, fíùsì ampere 3 sì ni kí ó dáàbò bò ó. Kí swíìṣì rẹ̀ wà níta balùwẹ̀, níbi tí ọwọ́ tútù kò ti ní kàn án. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ má kàn wò pé “wọ́n ti mú iná lọ” kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé tó ní ínfátà tàbí sólà ṣì ní iná lára wáyà nígbà tí àdúgbò ṣókùnkùn. Ẹ pa méènì, ẹ pa ínfátà, ẹ rí i pé jẹnẹrétọ̀ kò sí lórí iṣẹ́, kí oníná sì fi tẹ́sítà yẹ wáyà wò.

Owó iná rẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń bẹ̀rù. Fáànù wáàtì 20 tó bá ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ kò ní jẹ ìdá mẹ́ta yúnìtì kan lóṣù. Ẹ tàn án bí ẹ bá ti wọlé ìwẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lẹ́yìn tí ẹ bá jáde. Láti mọ̀ bóyá ó ń fà dáadáa, ẹ ya tíṣù awẹ́ kan, ẹ tì í mọ́ ojú rẹ̀, kí ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá já bọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ kí ẹ tún un dán wò. Bó bá lẹ̀ nígbà yẹn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yín ló há jù. Bí kò bá lẹ̀ síbẹ̀, ẹ pa iná, ẹ bọ́ ìbòrí rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku ara abẹ rẹ̀. Ẹ máa ṣe èyí lọ́dọọdún nígbà tí ọyẹ́ bá lọ, kí òjò April tó dé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Níbikíbi tí afẹ́fẹ́ bá ti lè wọlé ni fáànù yìí yóò ti máa fà á, kì í ṣà á. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní fàráńdà tàbí lábẹ́ fèrèsé, èéfín rẹ̀ ni fáànù á fà gba inú yàrá kọjá, carbon monoxide inú èéfín náà kò sì ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé kí ẹ tó tan extractor. Bí kò bá sí ibi tí ẹ lè gbé e sí, ẹ má tan fáànù náà títí tí ẹ ó fi pa jẹnẹrétọ̀ náà.