Kẹ́mísìrì Bẹ̀rẹ̀ Láti Ilé Ìdáná

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀pọ̀ òbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní àwọn ìlú etí omi Ogun Waterside ni ó rò pé ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì jẹ́ ohun àjèjì, tí ọmọ kò lè mọ̀ àfi bí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kẹ́mísìrì ni ẹ̀kọ́ tí ó ń ṣàlàyé ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ní nínú, àti bí ohun kan ṣe ń yí padà di òmíràn.

Ẹ wo gàrí Ìjẹ̀bú. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Nígbà tí a bá rin ín, májèlé náà a bẹ̀rẹ̀ sí tú sílẹ̀. Òkúta tí a gbé lé àpò a fún omi rẹ̀ jáde. Ọjọ́ tí a fi í sílẹ̀ ni ó ń mú kí ó kan. Iná tí a fi yan án a sì lé púpọ̀ nínú ìyókù lọ. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní kánjú yọ ẹ̀gẹ́ kúrò lábẹ́ òkúta.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí lè ṣe ìdánwò yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ rẹ iṣápá pupa, tí a fi ń ṣe sóbò, sínú omi gbígbóná. Ẹ pín omi pupa náà sí ife 3. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí èkíní: yóò túbọ̀ pọ́n. Ẹ kán omi eérú tí a ti sẹ́ sí èkejì: àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà sí aró tàbí ewé. Ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún ìfiwéra. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kán omi ọsàn díẹ̀díẹ̀ sí èkejì: pupa yóò padà dé. Àwọn ọmọ yóò rí i pé ohun kíkan àti omi eérú ń pa agbára ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ún. Omi eérú èèpo kòkó yìí kan náà ni a ń pò mọ́ epo láti se ọṣẹ dúdú.

Ìmọ̀ yìí lè gba ẹ̀mí là. Kọ́sítíìkì sódà tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń lò jọ omi eérú, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ, ó sì ń jó ọ̀fun. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo, ẹ má sì ṣe mú un bì. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.

Ẹ kọ́ wọn ní èdè wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí ẹ̀kọ́ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3.

Nítorí náà, bí ọmọ bá béèrè lẹ́bàá ààrò pé, "Ìyá mi, kí ló dé tí èyí fi rí báyìí?" ẹ má ṣe lé e sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ó wò ó, kí ẹ sì ṣàlàyé fún un.