'Evacuate': Ṣé ẹrù ni wọ́n ní kí a kó ni, àbí ẹ̀mí?

Bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì ń tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán, ìjọba a máa kéde pé kí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá Odò Ògùn, ní agbègbè bíi Ìṣẹ̀rì àti Ajégúnlẹ̀, tètè "evacuate". "Ẹ kó kúrò" ni ọ̀pọ̀ asọ̀ròyìn ń túmọ̀ rẹ̀ sí. Ìtumọ̀ náà kò burú, àmọ́ ó ní ibi tó kù sí.

Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, láti ara "vacuus", èyí tí í ṣe òfìfo. Nítorí náà, kì í ṣe ènìyàn ló kọ́kọ́ ń bá wí, bí kò ṣe ohun tí a tú inú rẹ̀ jáde. Ikùn ni àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́ fi ń sọ. Títí dòní, bí dókítà bá lò ó fún aláìsàn, ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń bi í, kì í ṣe ilé! Àwọn akólẹ̀kódọ̀tí ilẹ̀ wa náà ní àwọn ń "evacuate" ààtàn.

Ogun wà lára ohun tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1939, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọdé kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú ńlá mìíràn lọ sí ìgbèríko. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, nǹkan bí 1,500,000 ènìyàn ti lọ, tí àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ wà lára wọn. Wọ́n so orúkọ mọ́ àwọn ọmọ náà lára, wọ́n sì fún wọn ní ìbòjú tí ń dènà èéfín olóró. Àpò kékeré ni ẹrù wọn. Ilé àti dúkìá kò kúrò níbi tí wọ́n wà.

Níhìn-ín ni "kó kúrò" ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ohun tí onílé ń sọ fún ayálégbé tó jẹ gbèsè náà nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ronú kan bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì, yóò máa wá ọkọ̀ akẹ́rù, yóò máa dúnàá dúrà. Omi kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àgbàrá ọdún 2022 pa ènìyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé.

Bí ó bá ku ọjọ́ bíi mélòó kan, "ẹ kó kúrò" bá a mu, nítorí àyè ẹrù ṣì wà. Bí ó bá ti di ọ̀rọ̀ wákàtí, "ẹ jáde, ẹ fi ẹrù sílẹ̀" ló yẹ kí wọ́n máa ké lórí rédíò, kí wọ́n sì dárúkọ ibi gíga tí àwọn ènìyàn yóò forí lé.