Ariwo tàbí Àbùlà? Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìgbì Iná tí Ó Ń Dà Mọ́ Ìgbì Ọkàn

Bí ọkàn ènìyàn ti ń lù, ìgbì iná mànàmáná kékeré kan ń ti inú ẹran rẹ̀ tàn dé awọ ara. Iṣẹ́ tí Willem Einthoven, ará ilẹ̀ Họ́láǹdì, ṣe lórí àkọsílẹ̀ ìgbì yìí ni ó mú un gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1924. Ní orí awọ, agbára ìgbì náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 fóòtì lọ. Iná ara ògiri ní Nàìjíríà sì jẹ́ 230 fóòtì, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kò tilẹ̀ fara kan aláìsàn, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ràn mọ́ ara rẹ̀ àti wáyà ẹ̀rọ. Ìlà tí ó yẹ kí ó jọ̀lọ̀ lórí ìwé yóò wá hu eyín bí ayùn.

Kí ni kí á pe ohun tí ó dà mọ́ ọn yìí? Ògbufọ̀ tí ó bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní tààrà yóò pè é ní ‘ariwo’. Ṣùgbọ́n etí ni í gbọ́ ariwo. Ojú ni ó ń rí èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ‘ariwo’ lè rò pé kí òun ti ilẹ̀kùn ni. ‘Àbùlà’ ni ó bá a mu jù. Bí omi bá ti wọ inú ẹmu, ẹmu ni ojú ṣì ń rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ògidì mọ́. Asẹ́ kò sì lè yọ omi náà.

Ti iná kò le tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ìgbà 50 náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, ‘asẹ́ ayọkan’ wà tí ń yọ ìgbì tí ó bá jẹ́ 50 nìkan. Ewu rẹ̀ ni pé ìgbì ọkàn pàápàá ń gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá: ní ọdún 2007, ẹgbẹ́ American Heart Association dá a lámọ̀ràn pé kí àkọsílẹ̀ ti àgbàlagbà gba ìgbì tí ó tó 150 wọlé. Asẹ́ lè ké ṣóńṣó ìgbì ọkàn kúrò, ó sì lè fi ìwárìrì tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un. Oníṣègùn lè ka irú àmì bẹ́ẹ̀ sí àrùn.

Nítorí náà, dídènà àbùlà ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú sísẹ́ ẹ. Kí wọ́n nu awọ ara mọ́, kí àlẹ̀mọ́ lẹ̀ dáadáa, kí wọ́n kó àwọn wáyà pọ̀ sójú kan, kí ibùsùn sì jìnnà sí ògiri tí iná gbà kọjá. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń fi ibi méjì lára wé ara wọn: àbùlà tí ó dé ibi méjèèjì bákan náà yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, ìyàtọ̀ tí ó kù ni ti ọkàn. Lẹ́yìn èyí ni asẹ́ tó kàn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ìwé pé wọ́n lò ó. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà 60 ni ti iná wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi asẹ́ rẹ̀ sí 60 kò ní yọ àbùlà 50 ti Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó yè kooro kì í ṣe orúkọ lásán. Ó ń tọ́ka ọwọ́ sí ibi tí iṣẹ́ ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. ‘Ariwo’ kò ṣe èyí. ‘Àbùlà’ ṣe é.