Ṣé o mọ̀? Ìṣirò àwọn apọntí wúlò fún píọ̀ wọ́tà Ajah

Ilé iṣẹ́ Guinness, tó ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962, ni ọ̀kan lára ìṣirò tí ayé fi ń yẹ ọjà wò ti jáde. Ní 1908, òṣìṣẹ́ wọn ní Dublin, William Gosset, fi hàn bí ìwọ̀nba díẹ̀ tí a yẹ̀ wò ṣe lè sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí. "Student" ló fi ṣe orúkọ ìkọ̀wé.

Ẹ̀yin tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà láti Lekki dé Ajah, ọ̀rọ̀ yín rèé. Bí ẹ̀rọ bá ń bu 1cl lé ọ̀rá 50cl kọ̀ọ̀kan, omi tó bá àpò 1,000 ọlọ́rá ogún-ogún lọ lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ lítà 200. Nítorí náà, ẹ máa wọn ọ̀rá márùn-ún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀; ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn lè sọ bí ìyókù ṣe rí.